Kílò Mọ́kànlá

Èmi ni mo wọ̀n ọ́n.
Kílò mọ́kànlá, lórí òṣùwọ̀n
tí Odùnúgà rà lọ́wọ́ àwọn oníkòkó,
ní ìsọ̀ irin wa lẹ́yìn Sábó, ní Ṣágámù.
Ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ló gbé e wá
nínú àpò sìmẹ́ńtì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.
Kò bá wa ná an pẹ́. Ó ní òjé ni,
òjé gidi, ẹ wo bó ṣe wúwo.

Àmì kan wà lára rẹ̀, ewé dúdú mẹ́ta
lórí ọ̀dà yẹ́lò tó ti ń ṣí.
Múnírù ní, "Ọ̀gá, ara fáànù ni."
A rẹ́rìn-ín. Mo sanwó.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Kò rùn.
Mo ti wá a títí nínú ìrántí mi,
bóyá ó gbóná, bóyá ajá gbó o.
Rárá.
Èéfín àwọn tó ń yọ́ irin lọ́nà Ògíjó,
a máa ń rí i, a máa ń wúkọ́ sí i, a máa ń bú u.
Èyí kò yọ ohunkóhun síta tí èèyàn lè bú.

Múnírù fi òòlù fọ́ òjé náà,
ó bá nǹkan kan nínú rẹ̀, kò ju ọmọ ìka lọ, ó ń dán.
Ó ní òun yóò so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ òun.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A ní ibà ni. A ní ẹ̀wà àná ni.
Nígbà tí awọ ìdí rẹ̀ bó,
ìyá rẹ̀ ń bi í léèrè
ta ló da omi gbígbóná sí i lára.

Obì ni ìyá tèmi ń tà.
Agbọ̀n rẹ̀ fara ti ògiri ìsọ̀ wa,
ewé gbódògì ló fi tẹ́ inú wọn.
Yóò mú obì kan, yóò yí i sí ìmọ́lẹ̀,
yóò ní, "Kòkòrò ti wà nínú èyí."
Lójú tèmi, obì náà pupa, ó ń dán, kò lápá.
Yóò là á, ìyẹ̀fun dúdú yóò dà sílẹ̀.
Ojú tó ń rí inú obì kò rí inú òjé.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó ní,
"Kòkòrò wo ló ń jẹ èèyàn nínú
tí kò kọ́kọ́ dá ihò sí i lára?"

Wọ́n dé nínú aṣọ funfun,
àpótí kan lọ́wọ́ wọn ń dún ta, ta,
bí ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná.
Ó dé ibi àga Múnírù, kò mí mọ́.
Wọ́n gbé àga lọ. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n lọ.
Wọ́n wa ilẹ̀ ìsọ̀ wa, wọ́n rọ ọ́ sínú dọ́rọ́ọ̀mù.
Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ lọ rí?
Wọ́n yẹ obì wò, wọ́n ní ó mọ́.
Síbẹ̀, Àlàájì tó ń kó o lọ sí Kánò kò gbé ìpè mọ́.
Obì rà sínú ewé.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ṣóẹ̀tán láti Ìkẹ́nnẹ́,
jókòó tì mí lórí táyà. Ó ní
lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, agbára rẹ̀ yóò ku ìdajì.
Lẹ́yìn ọgbọ̀n mìíràn, ìdajì ìdajì.
Mo ní, ìgbà wo ló wá máa tán?
Ó wo bàtà rẹ̀.
Igi obì tí bàbá bàbá mi gbìn
ṣì ń so. Mo ti rò pé
nǹkan rere nìkan ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Múnírù wà láàyè. Ó ń dùbúlẹ̀ lójú bolẹ̀.
Ó bi mí, kọ́kọ́rọ́ òun ńkọ́?

Ìwé nìkan ni wọn kò gbé, àpótí wọn kò ké lórí rẹ̀.
Mo máa ń ṣí i lóru.
Ọwọ́ mi ni.
Òjé, kílò mọ́kànlá. A ti san án.